Ihò Tí Àbúrò Mi Lù sí Ògiri Mi

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá láti òkè, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ẹ kú làálàá orúnkún. Ẹ dákun, ẹ má fún mi ní àga. Mo ti rí àga náà. Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń fi àga lọ̀ mí nínú gbọ̀ngàn yìí, ara mi ò gbà á. Bí mo bá jókòó báyìí, òjò tó ń ṣú lẹ́yìn fèrèsé yẹn ni n ó máa wò, mi ò sì ní lè sọ ohun tí mo wá sọ.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ètò pé kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ olóògbé, nọ́ọ̀sì wa, ló kọ ohun tí n ó kà sínú ìwé fún mi. Òun ló jókòó síwájú yẹn, ẹ bá mi kí i. Ìwé náà dára. Ó ní ìyá òun jẹ́ ìyá rere, òṣìṣẹ́ tó ń tètè dé ibi iṣẹ́, ẹni tó ń ṣàánú aláìsàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí òòlù níbẹ̀, mi ò rí ihò níbẹ̀. Ìyá Oníhò la fẹ́ sin lọ́la, ẹ wá fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tí kò ní ihò kankan nínú? Mo ti ká ìwé náà sápò. Ọmọ mi, má bínú sí mi.

Fún ẹ̀yin àlejò tí ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ọdún méje ni mo fi jù ú lọ. Bíríkìlà ni mí. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ìka mi ò ká mọ́ dáadáa. Bóyá ilé tí ẹ ti wọṣọ wá síbí lónìí, èmi ni mo kọ́ ọ. Gbọ̀ngàn yìí pàápàá, èmi ni. Ní ti àbúrò mi, agbálẹ̀ ni ní ilé ìtọ́jú aláìsàn wa, ọdún méjìlélógún gbáko. Àmọ́ iṣẹ́ tí bàbá wa fi lé e lọ́wọ́ kì í ṣe ìyẹn. Okúta títò ni.

Bàbá wa máa ń to okúta lé okúta ní ẹ̀gbẹ́ òkè, láìsí símẹ́ńtì, láìsí amọ̀, títí yóò fi di ògiri tó ń gbé ilẹ̀ dúró. Omi á gba àárín okúta jáde, ilẹ̀ á dúró síbi tó wà. Èmi ni mo dàgbà jù, èmi ló yẹ kí n kọ́ ọ. Mo ní mi ò ṣe. Mo ní iṣẹ́ àwọn tí kò mọ símẹ́ńtì ni. Mo sá lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà nílùú ńlá, mo fi àbúrò mi sílẹ̀ lẹ́yìn bàbá wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Bí okúta kan ò bá jókòó dáadáa, á yọ ọ́, á yí i, á tún gbé e kalẹ̀. Ìyá wa á pè é wá jẹun títí ohùn á fi há wọn, kò ní dáhùn. Lọ́jọ́ kan ìyá wa gbé abọ́ lọ bá a níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, ó ń wo okúta. Orí kunkun rẹ̀ kì í ṣe ti àgbà. Ó bá a wáyé ni.

Ẹ má sì rò pé orí kunkun nìkan ló ní. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbí. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè kí wọ́n rí yín. Lọ́dún tí ilẹ̀ ya lu ẹ̀yìn ilé yín, ta ló gbà yín sílé? Ẹ̀yin, ìyàwó yín, ọmọ mẹ́rin, nínú yàrá kan ṣoṣo tó ní. Oṣù mẹ́rin! Òun fúnra rẹ̀ ń sùn lórí bẹ́ǹṣì nínú ilé ìdáná. Bí ọ̀gá bá ní àwọn fẹ́ máa lọ, á ní, "Ẹ fẹ́ lọ síbo? Ẹ jókòó, ẹ máa máàkì ìwé àwọn ọmọ yín." Lẹ́yìn náà ló máa wá bá wọn jà pé wọ́n ń da omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ nù, pé kí wọ́n lọ fi bomi rin igi òun. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ àwọn igi náà, èyí tó máa ń gbìn sínú agolo wàrà. Kò sẹ́ni tí kò tíì gba igi nínú agolo lọ́wọ́ rẹ̀ níbí, pé kí ẹ lọ gbìn ín sókè. Mélòó ló wà láàyè nínú wọn? Ẹ má dá mi lóhùn. Tèmi náà kú. Ewúrẹ́ mi ló jẹ ẹ́, mo sì purọ́ fún un pé oòrùn ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, igi ló bo orí òkè yìí. Ìsun omi tó wà lókè ilé-ìwé ń ṣàn tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Lónìí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ ó yí ẹnu ẹ̀rọ, páìpù á kàn máa húkọ́. Bí òjò bá wá dé, omi á rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé ilẹ̀, á gbé ọ̀nà, á gbé ilé ìyàgbẹ́. Ta ló gé igi? Àwọn onílé ìsinmi ra gbogbo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀, òótọ́ ni. Wọ́n tì wá gòkè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n mú àáké dání. Àwa ni. A sun èédú, a fi ṣe òrùlé, a fi ṣe àkàbà tí èmi fi ń gun ilé yín. Gbogbo wa la jẹ níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ wá, àbí ẹ ti gbàgbé? Àwọn tó wọ bàtà tuntun, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n wọn òkè, wọ́n bu omi wa sínú ìgò, wọ́n yà wá ní fọ́tò, wọ́n sì kọ ìwé kan tó nípọn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àdúgbò. Ìwé náà ò sọnù o. Ẹ wo tábìlì tí a gbé fọ́tò àbúrò mi lé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá òsì. Ohun tí ẹ fi ki ìdí rẹ̀ kí tábìlì má baà máa mì, òun náà nìyẹn. Alága ìgbìmọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fà á báyìí, fọ́tò á ṣubú. Mo ti yọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, mo kà á, mo dá a padà. Ojú ìwé kẹtàlélógún ni wọ́n ti sọ pé ògiri yòówù tí a bá kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè yìí, ká fún omi lọ́nà. Agbálẹ̀ ilé ìtọ́jú ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa kí wọ́n tó ra bàtà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ògiri. Ọdún méje sẹ́yìn, òjò gbé ọ̀nà òkè lọ. Ẹ wá bá mi nílé, ẹ ní, "Bàbá Bíríkìlà, ẹ gbà wá." Orí mi wú. Mo kọ́ ògiri ọgọ́ta ìṣísẹ̀, tó ga ju ènìyàn méjì lọ. Okúta àti símẹ́ńtì ni, mo dí gbogbo ojú rẹ̀ pátápátá, ó ń dán. A da iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà gba orí rẹ̀ kọjá, ilé mẹ́fà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin iṣẹ́, àbúrò mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, aṣọ agbálẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró. Ó wo ògiri lọ sókè, ó wò ó wá sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni omi máa gbà?"

Mo ní, "Omi wo? Omi ò lè wọ̀ ọ́. Símẹ́ńtì gidi nìyí."

Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń sọ. Èyí tó bá ti òkè wá, tó bá kún síbẹ̀, ibo ló máa gbà jáde?"

Mo wo àwọn òṣìṣẹ́ mi, wọ́n ń wò mí. Kí ni mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ bá mi wá ìgbálẹ̀ fún ẹnjiníà wa." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò bínú. Ó ní ká kú iṣẹ́, ó sì kọjá lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí a ṣí ọ̀nà, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi títí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló lu ihò àkọ́kọ́. Òun àti òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ó lù ú ní ìwọ̀n orúnkún, ó ti àjákù páìpù bọ inú rẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára, ó lọ síbi iṣẹ́, kò pẹ́ dé. Ẹ pè é síwájú ìgbìmọ̀, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Alága ní, "Ìyá, ẹ ń ba nǹkan ìlú jẹ́." Ẹ kọ ìwé, ẹ ní kó tẹ̀ka sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ihò méjì. Ẹnì kan bi í pé ṣebí ó tẹ̀ka. Ó ní, "Mo ní mo gbọ́ ni. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo gbà?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Ìyá Oníhò. Àwọn ọmọ yín fi ṣe orin. Ẹ̀yin àgbà náà ń kọ ọ́, ẹ kàn ń rọra kọ ọ́ ni. Kò sì pẹ́ tí ẹ fi rí i pé ihò tó bá lù ní òwúrọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan á ti fi símẹ́ńtì dí i. Ẹ ní ìgbìmọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ ní àwọn kọ́. Ẹ ní àwọn onílé ìsinmi ni, nítorí ìrísí. Ọdún méje ni ẹ fi ń wá ẹni náà.

Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó kùn. Èmi ni mo ń dí i. Ní ọ̀sán, nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, n ó po símẹ́ńtì díẹ̀ sínú garawa, n ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ihò mẹ́tàdínlógójì ni àbúrò mi lù. Mẹ́tàdínlógójì náà ni mo dí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. A ó jọ jókòó, a ó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, a ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a ò ní sọ̀rọ̀ ògiri. Lọ́jọ́ kan símẹ́ńtì ṣẹ́ kù sí mi lábẹ́ èékánná. Ó rí i. Ó dìde, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó fà mí lọ́wọ́, ó fọ èékánná mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ́. Ó bu oúnjẹ fún mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ lu òmíràn.

Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin?" Èmi ni, ọmọ mi. O wá ń bi mí bóyá mi ò mọ̀ pé ìyá rẹ ló tọ̀nà. Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti béèrè ni mo ti mọ̀. Kò sí bíríkìlà tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ihò kan sílẹ̀, gbogbo ìlú á rí i pé àbúrò mi obìnrin, agbálẹ̀, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, mo sì ti sọ ọ́.

Alága ní ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ni ti òní, pé ká sin òkú tán, ká wá pe ìpàdé. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí àìsàn àyà yìí dá a dùbúlẹ̀, mo lọ wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì. Èémí rẹ̀ ò já geere. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ò gbé òòlù mọ́. Ẹ lọ na okùn sí i, kí ẹ wọ̀n ọ́n." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méje tó máa sọ̀rọ̀ ògiri létí mi. Mo ní n ó lọ. Mi ò lọ títí ó fi kú. Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tó kú, ni mo tó lọ na okùn láti orí dé ìdí. Àárín ògiri ti yọ síta, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rọ̀ ní Ọjọ́rú. Mo tún na okùn láàárọ̀ òní, ó ti fi ìka méjì kún un. Mo ní kí n la ọ̀kan nínú àwọn ihò tí mo dí. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tú lù mí láyà, ẹ wo ẹ̀wù mi, àbí ẹ rò pé ọtí ni mo mu tí mo fi wọ̀ ọ́ wá báyìí? Ó ti kọjá ohun tí ihò lè tún ṣe. Àfi ká tú u láti òkè.

Ẹ wá ṣí ètò yín sí ojú ìwé kejì. Ibo ni wọ́n ní ọkọ̀ òkú máa gbà lọ́la? Ẹ kà á sókè. Ọ̀nà òkè! Ọkọ̀, pósí, àti igba ènìyàn tó ń tẹ̀lé e, lórí ògiri yẹn, pẹ̀lú òjò tó ń bọ̀ yìí. Ẹ fẹ́ gbé àbúrò mi gba orí ìwà agídí mi lọ sí ibojì. Mo kọ̀ ọ́. Awakọ̀, mò ń rí fìlà yín lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ máa wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ gbọ́ yìí? Ó ń mi orí. Ẹ ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà ní apá kejì òkè ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n gbé e léjìká. Ògiri tí bàbá wa tò ló gbé ọ̀nà yẹn dúró, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sí ohun tó ṣe é.

Alága ní ṣé mo fẹ́ da ìlú rú nílé ọ̀fọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn. Télọ̀, ìwọ tí ò ń wo ilẹ̀ yẹn, ilé rẹ ló wà nísàlẹ̀ àárín gbùngbùn ògiri náà. Ìwọ àti ọ̀gá ilé-ìwé àti ilé mẹ́rin tó kù, ẹ ò ní sùn síbẹ̀ lónìí. Ẹ gbé ọmọ, ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ gbé ohun tí ẹ bá lè gbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé mi ṣófo, ilé olóògbé ṣófo, gbọ̀ngàn yìí ní òrùlé. Ẹ má dúró de àdúrà ìparí. Ó dára, wọ́n ti ń dìde. Ọmọ mi náà ti dìde, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ìyá rẹ ni mo ń wò yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráàyè kọjá.

Àbúrò mi, ìwọ ló kù tí n ó bá sọ̀rọ̀. Mi ò lè parọ́ fún ọ pé nǹkan ti dára. Orí òkè ṣì pá. Igi mọ́kàndínlógún ló yè nínú gbogbo èyí tí o pín, mo lọ kà wọ́n. Kò tíì sí ẹni tó gbà láti so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Páìpù á tún gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, bí a bá sì tú ògiri yìí tán, ta ló mọ okúta tò nínú wa mọ́? Ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n, a sì fi ọ́ ṣe orin. Inú mi ò dùn, ọkàn mi ò sì balẹ̀, mi ò fẹ́ kó tètè balẹ̀.

Máa lọ o. Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀, kí o bá bàbá wa lálàáfíà. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa mi, sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ní àwọn á so okùn mọ́ mi nídìí, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ògiri náà ní fẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀la láti ẹ̀gbẹ́ tó ṣì dúró ṣánṣán, okúta kan lẹ́yìn òmíràn. A ò ní lè dáwọ́ dúró lágbedeméjì. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́la, má wá mi láàárín èrò, mi ò ní sí níbẹ̀. Ibí yìí ni mo ti ń dágbére fún ọ. Sùn re, ọmọ ìyá mi.